OGUN TÍ A KÒ GBỌ́ TẸ́LẸ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ìròyìn ogun bá ti ṣáájú ogun dé, ẹni tí kò tilẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn yóò ti wá ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn baba wa, nítorí pé ìgbà ogun ni púpọ̀ nínú wọn gbé ayé. Ṣùgbọ́n irú ogun kan wà láyé òde òní tí kì í rán ìròyìn ṣáájú. Kì í fọn fèrè, kì í lu ìlù, bẹ́ẹ̀ ni kì í pàgọ́ sí ẹ̀yìn odi. Inú ọjà ni ó ti ń bú, ní ọ̀sán gangan, láàrin àwọn tí wọ́n ń ná ata àti àlùbọ́sà. Ogun bọ́ǹbù ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní àdó olóró. Nípa rẹ̀ ni a óò kà nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò sì wò ó nínú ìtàn ìlú kan ní orílẹ̀-èdè wa tí ó ti jẹ púpọ̀ nínú ìyà rẹ̀. Ìlú náà ni Màídúgùrì, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Borno.

Kí a tó lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìtòsí. Ọmọ tí ó bá dàgbà ní Ìrókò, tàbí ní èyíkéyìí nínú àwọn abúlé oko ìhà Mọ́níyà, kò lè ṣàìgbọ́ orúkọ Ìjàyè, nítorí pé inú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé kan náà ni àwọn ìlú wọ̀nyí wà. Ní ọdún 1860 ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Ìjàyè, nígbà tí Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ̀ láti gba Adélù ní Aláàfin. Ogun náà jà títí di ọdún 1862. Kúrunmí kú lẹ́nu rẹ̀. Ebi pa ará ìlú, ọ̀pọ̀ ọmọ di ẹrú, nígbẹ̀yìn gbẹ́yín Ìjàyè fọ́, àwọn tí ó ṣẹ́kù sì fọ́n káàkiri. Ogun burúkú ni. Síbẹ̀, ará Ìjàyè mọ ìhà ibi tí ọ̀tá rẹ̀ wà. Ó mọ ọjọ́ tí a lọ sójú ogun, ó sì mọ ọjọ́ tí a sinmi. Ìyá tí ó bá fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ sá mọ ọ̀nà tí kò gbọdọ̀ gbà. Ìmọ̀ kékeré yìí, tí í ṣe ààbò ìkẹyìn fún ẹni tí kò ní ohun ìjà, ni bọ́ǹbù gbà lọ́wọ́ àwọn ará Màídúgùrì.

Ìhà ìlà-oòrùn àríwá Nàìjíríà ni Màídúgùrì wà, ní ọ̀nà tí ó lọ sí Adágún Chad. Àwọn Kànúrí pọ̀ níbẹ̀, Yerwa sì ni orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe ìlú náà. Ilẹ̀ Borno ti ní ọba àti ìjọba tí òkìkí rẹ̀ kàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí àwọn òyìnbó tó dé. Ìlú òwò ni Màídúgùrì jẹ́. Àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Chad, Niger àti Cameroon a máa ná ọjà rẹ̀. Ẹja tí a pa nínú adágún, tí a sì yan gbẹ, a máa ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ wá sí ìhà gúúsù. Ìlú ìwé ni pẹ̀lú, nítorí pé láti ọdún 1975 ni yunifásítì ti wà níbẹ̀.

Ewu tí ó bá ìlú yìí kò ti òkèèrè wá. "Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé." Ní nǹkan bí ọdún 2002, oníwàásù kan tí ń jẹ́ Mohammed Yusuf bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní Màídúgùrì, ó ń kọ́ wọn pé èèwọ̀ ni ẹ̀kọ́ ìwé tí àwọn òyìnbó mú wá. Láti inú ẹ̀kọ́ yìí ni orúkọ tí ayé fi mọ̀ wọ́n ti jáde, èyíinì ni Boko Haram. Ní oṣù Keje ọdún 2009, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn àti àwọn agbófinró, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n mú Yusuf láàyè, ṣùgbọ́n ó kú sí ọwọ́ ọlọ́pàá láìjẹ́ pé a gbé e dé iwájú adájọ́. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Kò parí. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó sá lọ padà dé lábẹ́ olórí mìíràn, Abubakar Shekau, ìbọn àti bọ́ǹbù ni wọ́n sì gbé padà wá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọjọ́ kan péré nínú àwọn ọjọ́ ìbànújẹ́ wọ̀nyí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Monday Market kún fọ́fọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Obìnrin kan tí ó fi aṣọ bora wọ inú ọjà náà, bọ́ǹbù tí ó wà lára rẹ̀ sì bú gbàmù. Àwọn tí kò fara pa sáré lọ gbé àwọn tí ó ṣubú, nítorí pé ohun tí ọmọ ènìyàn ń ṣe nìyẹn. Bí wọ́n ti péjọ tán ni bọ́ǹbù kejì bú lára obìnrin mìíràn. Àwọn tí ó kú lé ní 40. Ẹ ṣàkíyèsí ọgbọ́n ìkà yìí: bọ́ǹbù kìn-ín-ní dúró de ẹni tí ó wá ra ọjà, èkejì sì dúró de ẹni tí ó ṣàánú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí bọ́ǹbù tún fi bú ní ọjà kan náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015, ó tún bú níbẹ̀, lára ọmọdébìnrin kan tí àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn sọ pé kò lè ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún náà, bọ́ǹbù bú ní ibi púpọ̀ láàrin ìlú ní ọjọ́ kan ṣoṣo, títí kan ọjà ẹja Baga àti ibùdókọ̀. Ó lé ní 50 ènìyàn tí ó bá a lọ.

Bóyá ẹnìkan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yóò béèrè pé, kí ni ó dé tí ohun tí ènìyàn lè gbé sábẹ́ aṣọ fi lè pa ogójì ènìyàn? Ọ̀nà mẹ́ta ni bọ́ǹbù ń gbà ṣe ibi. Èkínní ni ìjì rẹ̀: afẹ́fẹ́ tí ó tú jáde lójijì a máa fọ́ etí, a sì máa ya ẹ̀dọ̀fóró nínú àyà láìsí ọgbẹ́ kankan lóde ara. Èkejì ni iná. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó burú jù láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni àwọn ìṣó àti irin wẹ́wẹ́ tí ń fò bí ọta. Ọta ìbọn a máa lọ sí ibi tí a kọjú rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n irin bọ́ǹbù a máa lọ sí ìhà gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ ibi yìí ṣe ń wá ibi tí èrò pọ̀ sí: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìjọsìn. Ta ni a sì ń bá ní irú ibi bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ọ̀gágun, kì í ṣe mínísítà. Aláàárù ni, àti ìyá tí ń ta ẹ̀pà, àti awakọ̀, àti ọmọ tí a rán pé kí ó lọ ra iyọ̀. Àwọn tí kò dá ìjà sílẹ̀, tí wọn kò sì ní agbára láti parí rẹ̀, ni wọ́n ń san gbèsè rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí ogun yìí ṣe, kò sí èyí tí ó wúwo bí ìlò àwọn ọmọdé. UNICEF, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń bójútó ọ̀ràn àwọn ọmọdé, kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017 pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà títí di ìgbà náà, ọmọ 83 ni a ti di bọ́ǹbù mọ́ lára ní ìhà ìlà-oòrùn àríwá Nàìjíríà. Ọmọbìnrin 55 ni ó wà nínú wọn, àti ọmọkùnrin 27. Ọ̀kan tí ó kù jẹ́ ọmọ-ọwọ́ tí a so pọ̀ mọ́ ọmọbìnrin kan. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin náà kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ẹ má ṣe ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀daràn. Wọ́n jí òun fúnra rẹ̀ gbé ni, wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́ tàbí wọ́n tàn án jẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣe ohun ìjà. Ìpalára yìí kò sì mọ sí ara ọmọ tí ó kú. Ọmọbìnrin tí ó bá ráyè sá kúrò lọ́wọ́ wọn, tí ó sì padà sílé, a máa rí i pé àwọn aládùúgbò ń fi ojú ìfura wo òun. Ìlú tí ó ti ń bẹ̀rù àwọn ọmọ tirẹ̀, kí ni ó tún kù tí ogun yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Bí a bá ka òkú tán, a kò tíì ka ìpàdánù tán. Ta ni yóò ka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí a gé? Ta ni yóò ka àgbẹ̀ tí kò lè lọ sí oko mọ́, tàbí apẹja tí ọ̀nà adágún ti dí mọ́? Àwọn ará abúlé sá wọ Màídúgùrì títí iye ènìyàn inú ìlú náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Wọ́n sùn sí ilé ẹbí, sí ilé-ìwé, sí àgọ́ ogunléndé. Àjọ UNDP ṣe ìṣirò ní ọdún 2021 pé àwọn tí ogun yìí ti pa ní gbogbo ìhà náà, títí dé òpin ọdún 2020, súnmọ́ 350,000. Nǹkan bí 35,000 péré ni ohun ìjà pa nínú wọn. Ebi, àìsàn àti àìrí ìtọ́jú ni ó pa ìyókù, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Èyí ni pé bí ohun ìjà bá pa ẹnìkan, nǹkan bí ènìyàn mẹ́sàn-án mìíràn ni yóò kú ikú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kò ní ariwo, tí a kò sì kọ sínú ìwé ìròyìn.

Àwọn kan a máa rò pé ìjà ẹ̀sìn kan sí ẹ̀sìn kejì ni èyí. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2011, ìjọ Kátólíìkì ní Madalla, lẹ́bàá Àbújá, ni bọ́ǹbù bú sí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2014, mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú Kano ni, ní wákàtí ìrun Jímọ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni ó sì kú tàbí fara pa. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, mọ́ṣáláṣí inú Yunifásítì Màídúgùrì ni, ní àkókò ìrun òwúrọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan sì wà nínú àwọn tí ó kú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014, ibùdókọ̀ Nyanya ní Àbújá ni. Ó lé ní 70 òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tí ó pàdánù ẹ̀mí wọn bí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ síbi iṣẹ́. Ní òru ọjọ́ kan náà ni a jí ọmọbìnrin 276 kó ní ilé-ìwé kan ní Chibok. Musulumi ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí bọ́ǹbù pa ní Màídúgùrì. Bọ́ǹbù kì í béèrè orúkọ, kì í sì í béèrè ẹ̀sìn.

Báwo ni àwọn ará ìlú náà ṣe dúró? Ní ọdún 2013, àwọn ọ̀dọ́ Màídúgùrì dìde pẹ̀lú kùmọ̀ àti àdá láti ran àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́. Àwọn ni a mọ̀ sí Civilian JTF. Ọmọ ìlú ni wọ́n, wọ́n mọ ojú, wọ́n mọ ilé. Àwọn obìnrin wà nínú wọn tí ń yẹ ara àwọn obìnrin wò ní ẹnu ọ̀nà ọjà àti mọ́ṣáláṣí, ó sì ti ṣẹlẹ̀ pé irú àwọn olùṣọ́ bẹ́ẹ̀ fi ẹ̀mí wọn dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó gbé bọ́ǹbù. Yunifásítì kò kógbá wọlé. Ní ọdún 2017, ìjọba Borno pinnu láti gbẹ́ yàrà tí ó tó kìlómítà 27 yí ilẹ̀ rẹ̀ ká, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń gbẹ́ yàrà yí ìlú ká nígbà ogun. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọjá lójú ìbọn lọ ṣe ìdánwò. A kò lè sọ pé gbogbo rẹ̀ ti di ìtàn: ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2025, bọ́ǹbù bú nínú mọ́ṣáláṣí kan ní ọjà Gamboru ní Màídúgùrì, ènìyàn márùn-ún ó kéré tán sì kú.

Ọmọ Ìrókò lè wí pé, "Ọ̀nà jìn, kí ni ó kàn mí?" Ohun tí ó bá ojú yóò bá imú. Kí ó wo inú ìkòkò ìyá rẹ̀: òkè ọya ni ẹ̀wà àti àlùbọ́sà púpọ̀ tí a ń rà ní ọjà Bódìjà ti ń wá, adágún ìhà ibẹ̀ sì ni ẹja gbígbẹ púpọ̀ ti ń jáde. Bí àgbẹ̀ Borno kò bá lè lọ sí oko, ọwọ́n dé bá wa níhìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Yorùbá pàápàá kò bọ́ nínú ewu. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn oníbọn tí wọ́n mú ohun abúgbàmù dání wọ ìjọ Kátólíìkì kan ní Ọ̀wọ̀, ó sì tó 40 ènìyàn tí wọ́n pa. Ní ilẹ̀ Áfíríkà bákan náà, Mogadishu, olú-ìlú Sòmálíà, rí èyí tí ó tilẹ̀ ju ti Màídúgùrì lọ: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ọkọ̀ ẹrù kan tí ó kún fún bọ́ǹbù bú ní oríta kan, àwọn tí ó kú sì súnmọ́ 600. "Ikú tí ń pa ojúgbà ẹni, òwe ni ó ń pa fún ni."

Kí wá ni ọmọ ilé-ìwé lè ṣe? Kí ó má ṣe fi ọwọ́ kan ẹrù tí kò mọ olówó rẹ̀ ní ọjà tàbí nínú ọkọ̀. Kí ó kúrò níbẹ̀, kí ó sì sọ fún àgbà. Bí ohun kan bá bú, kí ó má ṣe sáré lọ wòran, nítorí bọ́ǹbù kejì. Ẹni tí ó fẹ́ ṣàánú lè dúró de àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí ó sì fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní ilé ìwòsàn bí ó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó le ju ìwọ̀nyí lọ. Bí àlejò kan bá ti Borno wá sí ọjà màlúù Akínyẹlé tàbí sí Mọ́níyà, tí aṣọ rẹ̀ àti èdè rẹ̀ sì yàtọ̀ sí tiwa, kí a má ṣe yára pè é ní ọ̀tá. Ó lè jẹ́ pé ogunléndé ni, tí ó sá fún bọ́ǹbù tí àwa ń bẹ̀rù. Ìṣọ́ra dára, ìwà ẹnìkọ̀ọ̀kan ni kí a sì máa ṣọ́. Ẹni tí ó bá kórìíra gbogbo ẹ̀yà kan nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ìkà díẹ̀ ti bá ẹni tí ó di bọ́ǹbù parí iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìpínyà ni onítọ̀hún ń wá.

A kò lè fi odi tàbí yàrà nìkan dí ogun tí a kò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ojú tí ó là, ẹnu tí ó tètè sọ̀rọ̀ fún àgbà, àti aládùúgbò tí ó fọkàn tán aládùúgbò rẹ̀ ni ó lè sọ ọ́ di ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀. Nígbà náà ni arọ pàápàá yóò tó rí ọ̀nà sá.

ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀

àdó olóró: bọ́ǹbù. Àdó ni akèrègbè kékeré tí a ń kó oògùn sí.
ogunléndé: ẹni tí ogun lé kúrò ní ìlú rẹ̀.
yàrà: kòtò jíjìn tí a gbẹ́ yí ìlú ká nítorí ọ̀tá.
òfin pàjáwìrì: òfin líle tí ìjọba ń ṣe ní àkókò ewu.
agbófinró: ọlọ́pàá, ọmọ ogun, àti àwọn mìíràn tí ń mú kí a pa òfin mọ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ogun Ìjàyè àti ogun bọ́ǹbù, gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ti ṣàlàyé rẹ̀?
2. Sọ ọ̀nà mẹ́ta tí bọ́ǹbù ń gbà ṣe ènìyàn ní ibi.
3. Kí ni ó fà á tí òǹkọ̀wé fi sọ pé bọ́ǹbù kejì "dúró de ẹni tí ó ṣàánú"?
4. Fi àpẹẹrẹ mẹ́ta hàn pé bọ́ǹbù kì í ṣe ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀sìn kan àti èkejì.
5. "Bí a bá ka òkú tán, a kò tíì ka ìpàdánù tán." Ṣàlàyé gbólóhùn yìí.
6. Kọ àròkọ kan lórí òwe yìí: "Ohun tí ó bá ojú yóò bá imú."